A Wádìí Àdúgbò Bí Ẹni Ń Wádìí Àna

Ọ̀sán ni ìgò náà wọ yàrá wa. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa ní Mushin àti àwọn ti òdìkejì títì ń ja ìjà kan tí kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ mọ́, ni ìgò ọtí kan bá gba ojú fèrèsé wọlé, ó fọ́ yángá sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi obìnrin. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé, ó wà ní balùwẹ̀ tó ń fọ ẹsẹ̀. Ká ní ó ti dùbúlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ni, orí rẹ̀ gan-an ni ìgò yẹn ì bá bà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ́ máàtì rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, kò jẹ́ sún mọ́ fèrèsé mọ́. Ọkọ mi wò ó níbi tó ká jọ sí, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní a ó wá ilé tiwa, níbi tí ọmọ yìí á ti lè na ara rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kó sùn fọnfọn.

Ó rọrùn lẹ́nu. Surulere ni ọkàn mi wà, ṣùgbọ́n ọkàn nìkan ni, àpò wa ò sí níbẹ̀. Yaba ti di ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun; ilé tí bàbá mi háyà níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ti wó o, wọ́n ti kọ́ èyí tó ní gíláàsì yí ká sí i. Ìlúpéjú tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ì bá dára, àmọ́ àwọn òpópónà tí ó dákẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń gbowó oṣù, àwọn tó kù sì wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi. Ó kù ká jáde sí ẹ̀yìn ìlú bí àwọn ẹgbẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó di pé ẹlòmíràn sọ ọ́ fún yín: èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Bí wọ́n bá fún mi ní ṣéńjì, mo máa ń gbé e sí oòrùn wò. Bí ẹni tí mi ò mọ̀ bá rẹ́rìn-ín sí mi, báàgì mi ni mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá dé ọ̀run, màá ní kí áńgẹ́lì fi ìwé ilẹ̀ hàn mí kí n tó wọlé. Kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Èkó ló tọ́ mi, kì í ṣe òun.

Ilé àkọ́kọ́ tí ajẹ́ńtì mú wa lọ wò dán lójú, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, láti ilẹ̀ dé orúnkún nìkan ni ọ̀dà náà ti jẹ́ tuntun, òkè rẹ̀ ti pọ́n. Mo bi í pé kí ló fà á. Ó ní àwọn ọmọ àdúgbò ló ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Mo wo ilé tó kàn án, mo rí i pé wọ́n ti mọ búlọ́ọ̀kù dí ìdajì ẹnu ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé èèyàn ní láti gbẹ́sẹ̀ sókè kó tó wọlé. Bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù dènà? Omi ni. Omi ti wọ ilé wọn, yóò tún wọ̀ ọ́. Ilé kejì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé kì í ṣe títà. Ajẹ́ńtì ní onílé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ kí àwọn gbájú-ẹ̀ má bàa tà á. Mo ní, ìwọ wá ńkọ́, ta ni ẹ́? Ó rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi ti ń lọ sídìí ọkọ̀.

A ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú kọ́ńpáùndì tí à ń gbé. Ẹ̀rọ omi kan náà ni gbogbo wa ń lò níbẹ̀, òórùn ọbẹ̀ ni a fi ń mọ ohun tí oníkálukú ń sè, a mọ ẹni tó ń hanrun àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé rírà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kalẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí a bá fẹ́ jáde lọ wo ilé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aṣọ dúdú ni a máa ń wọ̀, kí wọ́n lè rò pé òkú là ń lọ sin.

Ẹni tó ń rí wa jáde jù ni Bàbá yàrá iwájú. Ó ti ta pààtì ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ títí ó fi darúgbó, ohun tó sì mú bọ̀ láti ibẹ̀ ni ìjókòó ọkọ̀ àtijọ́ kan tó gbé sẹ́nu géètì wa. Orí rẹ̀ ló máa ń wà láti àárọ̀, tó ń kí ẹni tó ń wọlé, tó ń kí ẹni tó ń jáde. Òun ló ń gba ọmọ mi sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì iléèwé bí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́. Ó máa ń wo aṣọ dúdú wa, á ní ẹ kú ara fẹ́ra kù, á ní òkú yín mà pọ̀ lọ́dún yìí o. A ó ní ẹ ṣeun, Bàbá.

Ìyá mi nìkan ni mo tú ọ̀rọ̀ náà fún. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Surulere ló ń gbé. Ó bi mí pé ṣé a ń wádìí. Mo ní lọ́yà ń bá wa yẹ ìwé wò. Ó pòṣé. Ó ní ta ló ń sọ̀rọ̀ ìwé? Bí èèyàn bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ, ó ń wádìí ìdílé: ṣé wọn kì í jalè, ṣé wọn kì í lu ìyàwó, ṣé àrùn kan kì í yọ wọ́n lẹ́nu. Ó ní bí àdúgbò náà ṣe rí nìyẹn, wọ́n á di àna yín, ẹ ó bá wọn sùn, ẹ ó bá wọn jí. Ó ní ká fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún òun.

Ọgbọ́n tí ó dá yé mi dáadáa, nítorí pé mo ti rí i tó fi wádìí ọkọ mi. Á wé gèlè tó ti gbó, á di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, á wọ àdúgbò, á ní òun ń wá ilé Ìyá Ìbejì. Kò sí ibi tí Yorùbá wà tí kò ní Ìyá Ìbejì. Wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á máa bá a wá a: ṣé èyí tí ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà ni, àbí èyí tó ń ta ẹja tútù? Kí wọ́n tó parí rẹ̀, ìyá mi á ti gbọ́ ibi tí olè ti fọ́lé, ibi tí omi ń dúró sí, àti ìdí tí àwọn obìnrin fi ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Báyìí ló ṣe bá wa já àdúgbò bíi mélòó kan dànù.

Èyí tó wà lẹ́yìn Ìkòròdú ló kù. Ilé kékeré ni, yàrá méjì àti pálọ̀, ẹni tó ni ín ti kó lọ sí òkè òkun. Kò sí àmì omi lára ògiri. Fèrèsé yàrá kejì kọjú sí igi àgbálùmọ̀, kò kọjú sí títì. Mo dúró nínú yàrá yẹn, mo rí ibi tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi máa wà, àyà mi sì já, nítorí pé nǹkan tó bá wù mí tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ìwo wà lábẹ́ fìlà rẹ̀. Mo kan gbogbo ògiri. Mo tú ẹ̀rọ omi sílẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Mo bi ajẹ́ńtì ní ìbéèrè kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ títí ó fi ní, "Àǹtí, ṣé pólíìsì ni yín ni?"

Ìyá mi gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà òpópónà ló dá a dúró, wọ́n ní Ìyá Ìbejì wo, ojúlé wo, kó fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀ kí àwọn pè é. Kò ní nọ́ńbà kankan. Wọ́n bá a gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sìn ín dé ibi tó ti máa wọ ọkọ̀, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra. Inú ìyá mi dùn gan-an. Ó ní ilé tí wọn ò bá ti jẹ́ kí òun wọ̀, olè ò lè wọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni àwọn ajá tí òun gbọ́ ohùn wọn. Ó ní wọ́n ti pọ̀ jù, ẹni tó bá ń bẹ̀rù ló ń sin ajá tó bẹ́ẹ̀.

A ò mọ̀ pé àwọn náà ń wádìí àna. Alága àwọn onílé, ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní ká wá rí òun. Ó fún wa ní omi tútù, ó bi wá ní ibi iṣẹ́, ó bi wá ní ibi tí a ti ń jọ́sìn, ó wá bi wá ní ibi tí à ń gbé. Ó ní nígbà kan, ẹnìkan gba ilé ládùúgbò náà, ọmọlúàbí pátápátá lójú, àfìgbà tí ọlọ́pàá wá yọ èèyàn tó jí gbé nínú yàrá rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè ra ilé níbẹ̀ tí àwọn ò ní rán èèyàn lọ sí ibi tó ti ń bọ̀, láì sọ ọjọ́ fún un, kí wọ́n lọ béèrè irú èèyàn tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ mi nínú. Ta ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ojúlé wa ṣe? Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ mi lẹ́sẹ̀ pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ sínú ìwé tí Alága gbé fún wa, àmọ́ ó ti kọ Mushin, nọ́ńbà ilé àti gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, a dúró, a dúró. Mo ti ń wo aṣọ fèrèsé ní ọjà. Ọmọ mi ti mọ̀ pé yàrá tirẹ̀ ń bọ̀. Ó ń bi mí bóyá òkúta lè dé ibẹ̀, mo ní rárá, ó ní ìgò ńkọ́, mo ní rárá.

Ni Alága bá pe ọkọ mi. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ká má bínú, àwọn ò ní lè gbà wá. Àwọn méjì ti lọ sí ojúlé tí a kọ, wọ́n béèrè wa nínú ilé, wọ́n béèrè wa níta, kò sẹ́nì kan tó mọ̀ wá. Ó ní òun ò pe ẹnikẹ́ni ní gbájú-ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá parọ́ ibi tó ń sùn, irọ́ wo ni kò lè pa?

Inú bí mi. Ọkọ mi ní irọ́ ni, ẹni tó lówó jù wá lọ ló ti dé, wọ́n kàn ń wá ohun tí wọ́n máa fi lé wa ni. Ìyá mi ní ó ti yé òun: ẹnìkan nínú kọ́ńpáùndì yẹn ló gbọ́ tí a fẹ́ ralé, tí ara fi ń ta á. Ó ní kí n wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí mi jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Obìnrin yàrá ẹ̀yìn kí mi ní àárọ̀ kan, ó gùn ju bó ṣe máa ń kí mi lọ. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ omi dákẹ́ nígbà tí mo dé. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n. Mo ní kí ọmọ mi má jẹun ní yàrá ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá yàrá iwájú ló wá burú jù. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá ló ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ irùngbọ̀n, ẹ̀rín ẹni tó mọ ohun tí o ò mọ̀. Mo ní bàbá arúgbó yìí, ìwọ tí ọmọ mi ń pè ní bàbá àgbà.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo dúró níwájú rẹ̀, mi ò kúnlẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Mo ní, "Bàbá, ṣé àwọn kan wá béèrè wa níbí?"

Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó ní kí n sún mọ́ òun.

"Wọ́n wá," ló wí. "Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ ni, kí àyà rẹ má bàa já. Àwọn méjì, bàtà wọn ń dán, ọ̀kan mú fáìlì dání. Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ yín. Mo ní mi ò mọ̀ yín rí láyé mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ ohun tí ọkọ mi ṣe, òun ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọlọ́pàá ni o, ilé ẹjọ́ ni o, ẹni tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ọmọ èèyàn kì í wá fún ire. Nígbà tí wọ́n kọjá òun wọlé, òun ti fi ojú sọ fún obìnrin yàrá ẹ̀yìn. Obìnrin yẹn ní àwọn mẹkáníìkì nìkan ló ń gbé kọ́ńpáùndì náà. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ omi ní yàrá wa ti ṣófo láti ọdún tó kọjá. Ẹni tó ń ta ata níta búra. Bọ́ọ̀sì iléèwé sì dé lásìkò yẹn gan-an, ọmọ mi bọ́ sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀. Obìnrin yàrá ẹ̀yìn gbá a mú, ó ní káàbọ̀ ọmọ mi, ó pè é ní orúkọ ọmọ tirẹ̀, ó gbé e wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Wọn ò rí i," Bàbá wí. "Fọkàn balẹ̀."

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí wọn, ìfẹ́ wọn sì ń bò mí mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn tí mo ti ń fura sí ló pa irọ́ yẹn nítorí mi, irọ́ yẹn ló sì ba ilé wa jẹ́. Ká ní a ti sọ fún wọn pé ilé là ń wá, orin ni wọn ì bá fi sin àwọn àlejò yẹn wọ yàrá wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ń wo títì.

"Àwọn òkú yẹn ńkọ́?" ló wá bi mí. "Gbogbo òkú tí mo ń kí yín kú?"

Mo kúnlẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ó mi orí. Ó ní kò burú, ìwọ̀nba ni kí èèyàn fi inú han ará ilé. Ó wá ní ọjọ́ wo ni a ń lọ rí Alága náà.

Agbádá tó fi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ ọdún ló wọ̀ tẹ̀ lé wa lọ sẹ́yìn Ìkòròdú. Alága mọ̀ ọ́n kó tó jókòó tán, nítorí pé àwọn méjì tí ó rán lọ sí Mushin wà níbẹ̀, wọ́n sì tọ́ka sí i pé bàbá tó ní òun ò mọ̀ wọ́n rí nìyí. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ẹ wò ó, Bàbá, nígbà yẹn ẹ ò mọ̀ wọ́n, lónìí ẹ mọ̀ wọ́n. Èwo ni ká gbà?

"Èyí tí mo sọ nígbà tí mi ò mọ̀ yín ni irọ́," Bàbá dáhùn. "Bí àlejò bá wá béèrè ọmọ yín, tí ẹ ò mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe, ṣé yàrá rẹ̀ lẹ ó nawọ́ sí?"

Alága wò ó títí. Ó bi í bóyá gbogbo àwọn tó kù nínú ilé ló mọ̀ pé irọ́ ni àwọn ń pa. Bàbá ní gbogbo wọn ni, àti aláta. Alága ní ìwé ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ, òun ò tíì rí i. Ó gbé omi tútù wá fún Bàbá, ó sì bọ ọkọ mi lọ́wọ́.

A rìn yí àdúgbò ká kí a tó padà, Bàbá fẹ́ rí i. Ó yin ilé wa, ó yin igi àgbálùmọ̀. Ó wo àwọn fẹ́ǹsì gíga, ó wo wáyà tí wọ́n ta sórí wọn, ó wo òpópónà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sẹ́nì kankan níta. Ó ní ṣé gbogbo wọn ti lọ síbi iṣẹ́ ni. Mo ní ọjọ́ Àìkú ni. Ó ní háà, ó sì wọ ọkọ̀.

A kó lọ. Àwọn ará kọ́ńpáùndì bá wa di ẹrù, wọ́n bá wa gbé e, aláta sunkún. Ọmọ mi ń sùn nítòsí fèrèsé báyìí, ó ń na ẹsẹ̀ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí mo wá nìyẹn, mo sì rí i. Ilé tó kàn wá, mo mọ ọkọ̀ wọn, dúdú ni, mo mọ ohùn ajá wọn. Bí a bá jọ ń ṣí géètì lẹ́ẹ̀kan náà, a máa ń juwọ́ síra wa.

Ní ọ̀sán kan, obìnrin kan kan géètì mi. Ó gbé abọ́ oúnjẹ tó fi aṣọ dì dání, ó ti làágùn. Ó ní àbúrò òun ló ń gbé ilé tó kàn wá, ó ń ṣàìsàn, kò gbé fóònù láti àná, kò sì sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé ẹ ti rí i?"

Mo wo bàtà rẹ̀. Mo wo ohun tó gbé dání. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ pé irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá mi ni. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, mo sì rọra ti géètì. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ tí ó tún padà lọ ń kan ti ẹ̀gbẹ́ wa, tó ń pe orúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí. Irọ́ ni Bàbá pa fún àwọn tó wá béèrè wa ní Mushin. Èmi, òótọ́ ni mo sọ.